Ọdẹ́rìndé àti Omi Tí Kì í Ṣàn

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa, kí n má baà máa pariwo. Ẹni tó bá mọ̀ pé oorun ń kun òun, kó dìde báyìí kó máa lọ sílé rẹ̀, torí mi ò ní sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún ẹni tó ń hanrun. Ẹ mọ̀ mí. Mo ti kojú ẹfọ̀n tó fara gbọta, mo ti jẹun nínú igbó tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kì í fẹ́ dárúkọ, èmi kì í sì í ṣe ẹni tó máa ń yin ọdẹ mìíràn. Ṣùgbọ́n lónìí, ọdẹ tó jù mí lọ ni mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún yín. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mi ò ní tún un sọ.

Orúkọ ọkùnrin náà ni Ọdẹ́rìndé, ọmọ ìlú Arèré. Ó mọ ìbọn yìn, ó mọ ipasẹ̀ ẹran lórí àpáta, ó sì lè fọ́nnu débi tí ọtí yóò fi dá lẹ́nu àwọn tó ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ibi tó ti ju gbogbo wa lọ ni ọpẹ́. Ìyá rẹ̀, Àṣàkẹ́, ló dá nìkan tọ́ ọ. Láti kékeré, bí ẹnikẹ́ni bá fún wọn ní nǹkan, ìyá yóò mú kó dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́ lójú ẹsẹ̀, bí ilẹ̀ bá sì mọ́ lọ́jọ́ kejì, kó tó fẹnu kan ẹ̀kọ, ìyá yóò bi í pé, "Ṣé o ti lọ kí wọn kú àná?" Gbogbo wa la ń ṣe bẹ́ẹ̀, mo mọ̀. Ti Ọdẹ́rìndé ló ti kọjá bó ṣe yẹ. Bó bá fara ti igi kan lọ́sàn-án nítorí oòrùn, yóò padà síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì lọ kí igi náà kú àná. Àwa tí a jọ ń ṣọdẹ ò fẹ́ bá a jáde mọ́, torí nígbà tí ebi bá ti ń pa wá tí a ń darí sílé, òun yóò ní ká dúró de òun díẹ̀, òun fẹ́ lọ kí odò kan.

Ó pẹ́ kí ọkùnrin yìí tó bímọ. Ìyàwó rẹ̀, Pèlé, retí títí tó fi rẹ àwọn tó ń bá a gbàdúrà. Nígbà tí ọmọ wá dé, tó jẹ́ obìnrin, wọ́n sọ ọ́ ní Ọdẹ́bùnmi, gbogbo àdúgbò sì jó. Wọ́n gbé ọmọ náà lé Ìyá Àṣàkẹ́ lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ojú ìyá náà ti di ojú kan tó ń yani lẹ́nu: ohun tó bá jìnnà, ó rí i kedere. Ó lè jókòó sẹ́nu ọ̀nà kó máa sọ fún ọ pé ewúrẹ́ tó wà lórí òkè lọ́hùn-ún ń tiro. Ṣùgbọ́n ohun tó bá sún mọ́ ọn, kùrukùru ni. Ó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ sọ́wọ́, kò rí i. Bí wọ́n bá gbé ọmọ náà jìnnà kó lè rí i, ọmọ yóò ti kéré jù, kò ní mọ imú yàtọ̀ sí ẹnu. Ló bá ń fi ìka wá ojú ọmọ náà kiri, ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Ọdẹ́rìndé rí omi tó ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ọmọ mi, mi ò ráhùn," ni Ìyá Àṣàkẹ́ wí. "Mo dúpẹ́. Mo ti gbé e, mo ti gbóòórùn rẹ̀, mo ti gbọ́ ẹkún rẹ̀. Ojú rẹ̀ nìkan ló kù. Mi ò fẹ́ kú láìrí ojú rẹ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ìyá náà já ewé kókò kan lẹ́yìn ilé. Ẹ̀kán omi kan wà lórí ewé náà. Bó ṣe gbé e sún mọ́ ojú, ó rí i pé lábẹ́ ẹ̀kán omi náà, àwọn ìlà ara ewé tóbi, wọ́n sì hàn kedere. Ló bá figbe ta. "Ẹ gbé ọmọ wá! Ẹ tètè gbé ọmọ wá!" Kí Pèlé tó gbé ọmọ dé, omi ti yí dànù. Wọ́n já òmíràn, ó yí dànù. Wọ́n já òmíràn, wọ́n dì í mú jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, oòrùn fà á gbẹ. Ìyá Àṣàkẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní, "Ọdẹ́rìndé, o máa ń sọ pé kò sí ohun tó wà nígbó tí o kò lè mú wálé. Bá mi wá omi tí kì í ṣàn, tí kì í sì í gbẹ."

Àwọn àgbà ọdẹ sọ fún un pé irú omi bẹ́ẹ̀ wà. Ìwin kan tó ń jẹ́ Afínná ló ń ṣe é nínú Igbó Agbóná. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ti lọ gbà á, àfọ́kù ló kó bọ̀ nínú àpò, pẹ̀lú ìka tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó máa ń fọ́ fúnra rẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹnikẹ́ni ò sì mọ ìdí. Ọdẹ́rìndé lu àyà rẹ̀ gbàgbà, ó ní àwọn yẹn kì í ṣe òun. Ìyá rẹ̀ di apá rẹ̀ mú, ó ní, "Má pẹ́ o. Mi ò mọ bó ṣe kù fún mi."

Mi ò ní fi ìrìn yọ yín lẹ́nu. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló rìn ín, kì í ṣe tiyín. Ibi tó kọ́kọ́ yọ sí ni ìlú Yanrìn. Àwọn ará ìlú yìí kéré, wọ́n funfun, wọ́n pọ̀ kọjá kíkà, ẹnì kan ò sì fẹ́ kí ẹnì kejì dì mọ́ òun. Bí wọ́n bá máa sọ̀rọ̀, gbogbo wọn ló ń jọ sọ ọ́, ìró rẹ̀ á sì máa lọ ṣììì. Olórí wọn ni Akọ-Òkúta, baba ńlá wọn, torí ara òkúta funfun ni gbogbo wọn ti jáde kí òjò àti odò tó lọ̀ wọ́n kúnná.

"Kí lo wá ṣe?" ni Akọ-Òkúta bi í.

"Mo ń wá omi tí kì í ṣàn, kí ìyá mi lè fi rí ojú ọmọ mi."

Gbogbo ìlú bú sẹ́rìn-ín. "Àwa náà ni! Àwa gan-an ni omi tí ò ń wá! Ṣùgbọ́n ta ló máa mú wa yọ́?"

"Iná ni," ni Ọdẹ́rìndé wí.

"Iná wo? Èyí tí ìyàwó rẹ fi ń se ọbẹ̀? Iná tí àwọn alágbẹ̀dẹ fi ń sọ irin di rírọ̀, àwa a máa yá a nígbà òtútù ni."

Ọ̀rọ̀ yìí bí Ọdẹ́rìndé nínú. Ó bọ́ ẹ̀wù ọdẹ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní bí iná ò bá lè mú un, òun máa fi ipá mú un. Àgbàlagbà, ó fẹ́ bá yanrìn jìjàkadì! Ó ki Akọ-Òkúta mọ́lẹ̀, ó gbé e sókè. Akọ-Òkúta tú yẹ́ẹ́, ó ṣàn gba àárín apá rẹ̀ kọjá, ó kó ara rẹ̀ jọ lẹ́yìn rẹ̀, ó sì gbá a lulẹ̀. Ó dìde, ó tún kì í. Ó tún tú. Nígbà tó yá, Akọ-Òkúta jókòó lé e láyà pẹ̀lú gbogbo ìdílé rẹ̀. Yanrìn wọ̀ ọ́ létí, ó wọ̀ ọ́ nímú, ó kún ẹnu tó fi ń fọ́nnu. Ó fi ọwọ́ lu ilẹ̀ pé òun gbà.

Ẹlòmíràn ì bá sá lọ. Ọdẹ́rìndé dìde, ó tu yanrìn ẹnu rẹ̀ dànù, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ ṣeun, Baba. Ẹ kú ìnira mi. Ẹ sì ṣeun ti gbogbo ọjọ́ tí mi ò tíì dúpẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ni ìyá mi fi ń ha ìkòkò. Ẹ̀yin la pò mọ́ amọ̀ tí a fi kọ́lé tí a ń sùn. Orí yín ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn."

Akọ-Òkúta fà á dìde. Ó wá ní, "Láti ọjọ́ tí ayé ti dáyé, orí wa lẹ ń tẹ̀ kọjá. Ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́." Ó bu yanrìn tó funfun jù, èyí tí odò ti fọ̀ fọ̀ fọ̀, ó dà á sínú àpò Ọdẹ́rìndé. "Má bu àwọn àbúrò wa tó pupa yẹn o. Ìpẹtà irin wà lára wọn, wọn á sọ omi rẹ di àwọ̀ ewé, ojú ọmọ rẹ á sì máa rí bí ewébẹ̀ lójú ìyá rẹ. Àwa tí o bù yìí, a ò ní ṣojo níwájú iná o. Lọ wá ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tu wá lójú."

Ó rìn títí ó fi dé adágún ńlá kan tó ti gbẹ. Láàárín adágún náà, ìyá arúgbó kan jókòó ti ìkòkò ẹ̀wà. Ara rẹ̀ funfun, ó sì sán káàkiri. Ẹ̀wà náà ti hó, ó tún hó, omi rẹ̀ ti gbẹ, wọ́n ti bu òmíràn sí i, ṣùgbọ́n koko ló le. Ebi sì ń pa Ọdẹ́rìndé gidigidi.

"Oúnjẹ yìí á jinná lójú ẹsẹ̀ bí o bá lè dá mi lóhùn," ni ìyá náà wí. "Kí ni kò léyín, tó ń jẹ olóríkunkun?"

"Ọjọ́ ogbó," ni Ọdẹ́rìndé wí.

"Rárá."

"Ebi."

"Rárá. Ìwọ lebi ń pa."

"Ìyàwó," ni ó wí. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn, òun ló sọ ọ́, kì í ṣe èmi.

Ìyá náà rẹ́rìn-ín débi pé ẹ̀fúùfù gbé díẹ̀ lára rẹ̀. Ó ha èékánná rẹ̀ kan sínú ìkòkò. Ẹ̀wà tó le koko náà mí kanlẹ̀, ó rọ̀, ó bẹ́. Ọdẹ́rìndé rántí ìdáná ìyá rẹ̀, ó rántí ohun tí ìyá rẹ̀ máa ń já wẹ́rẹ́ sínú ẹ̀wà tó bá ń ṣagídí. "Ṣé Ìyá Káún rèé?" ló fi pariwo. "Ẹ̀yin lẹ gbà wá lọ́wọ́ ebi ní gbogbo ìgbà tí igi ìdáná ò tó wa sun!"

"Èmi ni," ni ìyá náà wí, inú rẹ̀ dùn, ó sì wo yanrìn inú àpò Ọdẹ́rìndé. "Bí mo ṣe ń ṣe ẹ̀wà náà ni mo ṣe ń ṣe Akọ-Òkúta. Èmi kì í bá a jà. Mo kàn máa ń wọ̀ ọ́ lára jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, títí iná tó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀ á fi tó o yọ́." Ó ya ègé káún ńlá kan lára ara rẹ̀, ó fún un. Ó wá ń bá ọ̀rọ̀ lọ pé, "Ṣùgbọ́n fetí sílẹ̀ o. Èmi àti omi..." Ọdẹ́rìndé ò fetí sílẹ̀. Ó ti dọ̀bálẹ̀, ó ń dúpẹ́ fatafata, ó ń ki ìyá náà, ó ń dárúkọ gbogbo ẹ̀wà tó ti jẹ láyé rẹ̀. Ọpẹ́ ẹnu rẹ̀ bo ohun tí ìyá ń sọ mọ́lẹ̀ pátápátá. Ó jẹ ẹ̀wà yó, ó sì lọ.

Igbó Agbóná ò ní ewé tútù. Gbogbo igi rẹ̀ ló tẹ̀ sẹ́yìn, bí ẹni tó ń yẹra fún ojú iná. Níwájú ilé Afínná, àfọ́kù tó ń dán kún ilẹ̀ débi pé Ọdẹ́rìndé ní láti gbé ẹsẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Afínná fúnra rẹ̀ ò ní irun ojú, iná ti jó o tipẹ́. Àyà rẹ̀ ń wú, ó ń sọ̀ bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Ìbínú rẹ̀ kò sì jìnnà.

"Òmíràn tún dé!" ni Afínná wí. "Kó ohun tí o mú wá sínú ìkòkò. Kí o wá máa fín iná. Bí o bá dáwọ́ dúró, màá ju ìwọ náà sí i."

Ọdẹ́rìndé sọ ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ fún un, ó sì fín iná. Ẹ̀yin ará ibí, ẹ ti rí mi nídìí iṣẹ́, ẹ mọ̀ pé ara mi le. Èmi ì bá ti sá. Àárọ̀ ló bẹ̀rẹ̀, oòrùn là, oòrùn rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ bó. Inú ìkòkò amọ̀ náà pọ́n, ó kọjá pípọ́n, ó funfun. Yanrìn tó ń fi iná ṣe yẹ̀yẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ níwájú Ìyá Káún. Hóró ò mọ hóró mọ́. Gbogbo rẹ̀ wá ki, ó ń fà bí oyin.

Afínná yọjú wo inú ìkòkò. "Ìwọ̀nyí nìkan lo kó wá?"

"Ìwọ̀nyí nìkan ni, Baba."

Afínná ṣe hùn. Ó fi ọ̀pá irin tọ́ ẹ̀kán kan nínú rẹ̀, ó jẹ́ kó tutù, ó dán gbinrin. Inú Ọdẹ́rìndé dùn, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Afínná jù ú sínú igbá omi. Ẹ̀kán tó ń dán náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, ó ń joro, ó ń dínkù, títí omi fi mú un lọ tán.

"Ṣé Káún ò sọ fún ọ ni?" ni Afínná jágbe mọ́ ọn. "Òun àti omi, ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Ibi tó bá wà, omi á wá a wá, á sì bá a lọ. Ó fẹ́ ẹni tó máa dì í mú. Bí o bá gbé èyí fún ìyá rẹ, tó sunkún ayọ̀ lé e lórí, omijé rẹ̀ á yọ́ ọ dànù lójú rẹ̀."

Ọdẹ́rìndé jókòó sáàárín àfọ́kù, ó sunkún. Ó mọ̀ pé ẹnu ara òun ló ṣe é. Nígbà tó nujú tán, ó béèrè ẹni tó ń dì í mú. Afínná ní kó lọ sọ́dọ̀ Ìgbín.

Ìgbín yìí ga ju ilé lọ, ó sì ti dàgbà gan-an. Ìkarahun tirẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún gbé òmíràn tó ṣófo lé e. Ọdẹ́rìndé kí i, ó dúró. Ó pẹ́ kí ó tó dáhùn, torí ó lọ́ra. Nígbà tí Ọdẹ́rìndé sọ ohun tó ń wá, Ìgbín yíjú wo ìkarahun tó ṣófo náà.

"Ilé ìyá mi nìyí," ló wí. "Láti ìgbà tó ti kú ni mo ti ń gbé e kún tèmi. Bí mo bá fún ọ, kí ni ẹ máa fi ṣe?"

Ọdẹ́rìndé ò lè purọ́. "Ìyá, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná. Wọ́n á sun ún níná."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Á di Káún mú, kó má lè bá omi lọ mọ́. Á wà nínú ohun tí ìyá mi máa fi rí ojú ọmọ mi. Òun nìkan ni ìyá tí mo ní. Ó ti darúgbó, ó sì ń fi ìka wá ojú ọmọ náà kiri."

Ìgbín tún yíjú wo ìkarahun náà. Ọdẹ́rìndé fẹ́ sọ̀rọ̀, ó ranjú mọ́ ilẹ̀, ó pa ẹnu mọ́. Oòrùn kúrò lára igi kan, ó bọ́ sára òmíràn. Ìgbín sọ ìkarahun náà kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Gbé e. Ó ti pẹ́ tó ti ṣófo. Inú ìyá mi á dùn pé ẹnì kan tún rí i lò." Ọdẹ́rìndé tó máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ igi àti odò wá ọ̀rọ̀ ọpẹ́ tì lẹ́nu rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, kò sì dìde títí Ìgbín fi ní kó dìde.

Afínná lọ ìkarahun náà, ó pò ó mọ́ yanrìn àti káún, Ọdẹ́rìndé sì tún dúró ti ẹwìrì. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ yọ́ tán, Afínná ju ẹ̀kán kan sínú igbá omi. Ẹ̀kán náà jókòó sísàlẹ̀ omi, kò dínkù, kò yọ́. Ó wá da ìyókù sínú kòtò amọ̀ róbótó kan, kó lè wú díẹ̀ láàárín, kó sì tẹ́ẹ́rẹ́ létí, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kán omi orí ewé kókò. Ó yọ ọ́ sórí eérú lẹ́nu iná. Pípọ́n rẹ̀ rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó wá mọ́ gaara. Ọdẹ́rìndé wò ó, ó rí àwọn hóró eérú abẹ́ rẹ̀ ní títóbi.

"Dígí rẹ nìyẹn," ni Afínná wí. "Ó ti parí. Máa lọ."

Oòrùn ti ń wọ̀. Ọkàn Ọdẹ́rìndé sáré lọ sí Arèré. Bí ìyá rẹ̀ bá kú lónìí ńkọ́? Ó na ọwọ́, ọwọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan dígí náà. Nígbà náà ni ojú wá tì í. Ìwin yìí ti ṣe iṣẹ́ fún òun láti àárọ̀. Bí òun bá gbà á lọ báyìí, ọ̀nà jìn. Ìgbà wo lòun máa padà wá kí i kú àná? Kí òun kó ẹrù ẹni sá láìtíì dúpẹ́ tán? Ó mọ ohun tí ìyá rẹ̀ máa kọ́kọ́ bi í kó tó béèrè dígí pàápàá. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

"Baba," ló wí, "ẹ ṣeun púpọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó ṣì wà lọ́dọ̀ yín. Màá gbà á láàárọ̀, nígbà tí mo bá ti kí yín kú àná."

Afínná wò ó títí. Ó wọ́ eérú gbígbóná bo dígí náà, ó sì yí ẹ̀yìn padà sùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ọdẹ́rìndé bọ́jú, ó wá síwájú Afínná, ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, Baba. Ẹ kú àná o. Ẹ kú wàhálà mi. Ẹ ṣeun lánàá."

Àyà tó dà bí ẹwìrì yẹn dúró, kò mí. Omi jáde lójú Afínná, ó ń gbẹ kó tó dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó fi ọwọ́ gbá eérú kúrò. Dígí náà ti tutù, odidi ni, kò ní ìlà kan lára.

"Ṣé o rí gbogbo àfọ́kù tó wà lẹ́nu ọ̀nà mi?" ni Afínná wí. "Àwọn tó wá ṣáájú rẹ ló ni wọ́n. Wọ́n á já a gbà lẹ́nu iná, wọ́n á fi ẹ̀yìn dúpẹ́, wọ́n á sáré jáde sínú afẹ́fẹ́. Awọ rẹ̀ á ti tutù, á ti súnkì, nígbà tí inú rẹ̀ ṣì ń jó. Awọ ń fà, inú ò gbà. Ìjà yẹn ló ń fọ́ ọ. Odindi òru ló fi ń tutù nínú eérú kí awọ àti inú tó rẹ́."

"Baba, ẹ ò ṣe sọ fún wọn?"

"Nígbà wo? Ẹni tí mo fẹ́ sọ fún ti lọ. Kò sẹ́ni tó tíì kí mi kú àná rí."

Afínná kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi yanrìn kíkúnná àti omi ra á lójú kó lè dán, Ọdẹ́rìndé sì ra á títí ó fi rí òjìji ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Ó fi owú wé e, ó fi sáyà. Ohun tó bá pàdé lọ́nà, ẹ fi sílẹ̀. Ó ya sọ́dọ̀ Ìgbín, ó ya sọ́dọ̀ Ìyá Káún, ó ya sílùú Yanrìn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn, ó sì jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán kó tó dìde.

Nígbà tó wọ Arèré, ọ̀ọ́kán ni Ìyá Àṣàkẹ́ ti rí i. "Ọdẹ́rìndé ń bọ̀!" ló ń ké láti ẹnu ọ̀nà. "Ó ti rù! Pèlé, gbé omi kaná!" Gbogbo àdúgbò péjọ. Mo wà níbẹ̀, ojú mi ló ṣe. Pèlé gbé ọmọ lé ìyá náà lẹ́sẹ̀. Ọdẹ́rìndé kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tú owú, ó gbé dígí náà síwájú ojú ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Ìyá Àṣàkẹ́ wo iwájú orí ọmọ náà. Ó wo ojú, ó wo imú, ó wo ètè. Ó sún dígí náà lọ sétí, ó sún un padà. Omijé kán lé dígí lórí, ó ṣàn kọjá, dígí ò ṣe nǹkan kan. Ọdẹ́rìndé sún mọ́ ọn.

"Ìyá mi, ṣé ẹ ò rí i ni?"

"Mo rí i." Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ẹ̀yin lẹ ò rí i. Ẹ ò lè mọ̀ ọ́n. Èmi nìkan ni mo ṣẹ́kù láyé tó mọ ojú yìí. Ìyá mi nìyí. Ọmọdé ni mí nígbà tí wọ́n gbé e lọ sin. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbìyànjú láti rántí ojú rẹ̀, mi ò rí i rántí. Òun rèé. Ó ti wá mi dé." Ó fi ẹnu kan etí ọmọ náà, ó pè é ní orúkọ tí a ò tíì sọ ọ́. "Yéwándé."

Kò sí ẹni tó dàgbà ju Ìyá Àṣàkẹ́ lọ ní gbogbo Arèré. Ó ti pẹ́ gan-an tí kò ti sí ẹni tó yẹ kó kúnlẹ̀ kí mọ́ láyé. Ó gbé ọmọ náà sórí ẹní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó di ọwọ́ Pèlé mú, orúnkún rẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, ó sì fi ohùn ọmọdé kí ọmọ ọwọ́ náà pé, "Ẹ káàbọ̀, Màámi. Ẹ kú ìrìn."

Ẹnu mi ò gbé ju ibẹ̀ lọ. Ẹ dìde, kí ẹ lọ wo ojú àwọn ìyá yín kí ilẹ̀ tó ṣú.